Ọdún Mẹ́rin Tí Bàbá Mi Fi Lé E

Bàbá mi kì í ra ohunkóhun láìnájà. Bí ẹ bá ní kó máa gbé e lọ lọ́fẹ̀ẹ́, á ní kí ẹ fi èènì sí i. Ìwà yìí ló kó bá mi, ó sì kó bá ìyàwó mi, ẹni tí bàbá fẹ́ràn ju èmi tó bí lọ. Ó ti pé ọdún mẹ́tàdínlógún tó ti wà nínú sàréè, mi ò sì ní bú òkú. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi. Láti ọdún tó kọjá ni inú ti ń bí mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ jáde.

Ẹja là ń pa ní Sorkap, abúlé wa ní etíkun Balochistan. Lọ́dún tí mo ń wí yìí, àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá kan sọdá omi Gọ́ọ́fù wá láti erékùṣù àwọn Lárúbáwá, wọ́n ń wá ọkùnrin tí wọ́n máa gbà síṣẹ́. Wọ́n gbé tábìlì kalẹ̀ lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, wọ́n ń wọn àyà, wọ́n ń wọn gíga, wọ́n ń ní kí èèyàn la ẹnu kí wọ́n wo eyín. Ẹni ọdún méjìdínlógún sí méjìlélógún ni wọ́n ń gbà. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí. Bàbá mi ti gbọ́ pé méjìdínlógún ni ìdí ọjà, ó sì rò pé akọ̀wé náà máa já òun wálẹ̀, bí gbogbo oníbàárà ẹja ṣe ń ṣe. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè ọjọ́ orí mi, ó ní, "Ogún ọdún." Ó ti múra sílẹ̀ pé akọ̀wé máa ní irọ́ ni, pé mi ò lè ju mẹ́rìndínlógún lọ, kí àwọn wá pàdé ní méjìdínlógún.

Akọ̀wé kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó kọ ogún. Ó fi ọjọ́ kìíní oṣù kìíní sí i, bó ṣe fi sí ti gbogbo wa, nítorí ṣàṣà ni ẹni tó mọ ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ rẹ̀ níbẹ̀. Ọkùnrin mọ́kànlélógójì la wọ ọkọ̀ ojú omi, ọjọ́ ìbí kan náà ni gbogbo wa ní. Àfi bíi pé àwọn agbẹ̀bí Sorkap kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ mìíràn. Bàbá mi dúró létí omi, ojú rẹ̀ kọ́rẹ́ lọ́wọ́. Ó ní ká ní òun mọ̀ pé wọn ò ní ná an ni, òun ì bá ti sọ méjìlélógún.

Ẹni tó jókòó tì mí nínú ọkọ̀ ni Pirjan. Òun ti pé ọdún mẹ́rìnlélógún, ó ti ju ohun tí wọ́n ń wá lọ. Ó fá irùngbọ̀n rẹ̀ láàárọ̀, ó lọ sọ fún akọ̀wé pé méjìdínlógún ni òun, akọ̀wé sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bí mo ṣe di ẹ̀gbọ́n ẹni tó fi ọdún mẹ́jọ jù mí lọ nìyẹn. Ogójì ọdún gbáko ni Pirjan fi ń dọ̀bálẹ̀ fún mi láàárín àwọn èèyàn, á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún àbúrò yín níṣáná," gbogbo bárékè á bú sẹ́rìn-ín.

Mo fi ogójì ọdún ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá ní erékùṣù náà. Àwọn ọmọ onílẹ̀ ló ń gbé ìràwọ̀ sí èjìká. Àwa tí a ti ibòmíràn wá, Balochi, ará Yemeni, ará Siria, là ń gbé ìlà sí apá. Ìlà kì í di ìràwọ̀ láéláé, ẹni tó bá ní ó ń dun òun, kó gba ilé rẹ̀ lọ. Sájẹ́ǹtì ni mo bá a dé. Mo ṣe ojú pópó, mo bá àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun lé àwọn apẹja tó ré ààlà kọjá, kí wọ́n tó rí i pé ọwọ́ mi yá lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ni wọ́n bá gbé mi kalẹ̀ sídìí tábìlì sítétímẹ́ǹtì. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo lò níbẹ̀. Ọmọ-ọ̀dọ̀ tí ọ̀gá rẹ̀ gba páásípọ́ọ̀tù rẹ̀, dẹ́rẹ́bà tó gbá ràkúnmí, ọkọ àti aya tó fọ́ àwo mọ́ra wọn lórí, ọ̀dọ̀ mi ni gbogbo wọn ń wá sọ tẹnu wọn. Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni pé ohun tí wọn ò bá sọ, mi ò ní kọ ọ́. Ohun tí wọ́n bá sì sọ, mi ò ní pa á rẹ́.

Ìwé wa máa ń gun òkè ni. Láti tẹ́ṣàn, ó dọ́fíìsì agbègbè. Láti agbègbè, ó di olú-iléeṣẹ́. Láti olú-iléeṣẹ́, ó di ministírì. Bó bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ọ̀nà kan náà ló máa tọ̀, òǹtẹ̀ kan ní ibùdó kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó lè fo àtẹ̀gùn kan, ì báà jẹ́ ọmọ ta. Òfin kan tún wà tí kì í gun òkè tí kì í sọ̀ kalẹ̀: ọjọ́ tí ẹni tó gbé ìlà bá pé ọgọ́ta ọdún, ó ti parí. Á dá aṣọ padà, á dá kọ́kọ́rọ́ ilé bárékè padà, ìwé ìgbélùú rẹ̀ á kú, káàdì ọsibítù ìyàwó rẹ̀ náà á sì kú lọ́jọ́ kan náà.

Káàdì ọsibítù yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi. Kíndìnrín Mahgul ìyàwó mi ti kú, méjèèjì. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́rú ni mo máa ń gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ ẹ̀jẹ̀, wákàtí mẹ́rin mẹ́rin. Orúkọ rẹ̀ wà lára àwọn tó ń dúró de kíndìnrín. Dókítà ní bó bá yá, ọdún méjì. Bó bá pẹ́, mẹ́ta. Èmi, oṣù mẹ́fà ló kù kí n pé ọgọ́ta lójú ìwé. Ní Sorkap, ẹ̀rọ kan ṣoṣo tó wà ni èyí tí wọ́n fi ń lọ àlìkámà, ìyẹn náà máa ń dákú. Ẹ̀rọ ẹ̀jẹ̀ tó sún mọ́ wa jù wà ní Karachi, ìrìn ọjọ́ kan gbáko nínú bọ́ọ̀sì, èrò sì ti tò síbẹ̀ dé títì.

Ìgbà tí mò ń kọ fọ́ọ̀mù ìfẹ̀yìntì mi lọ́wọ́ ni mo débi tí wọ́n ti ní kí n kọ ọjọ́ ìbí, ọwọ́ mi bá dúró. Mo ronú pé ọdún mẹ́rin ni bàbá mi fi lé e. Méjì nínú rẹ̀ pọn dandan, nítorí láìsí i wọn ì bá má gbà mí. Ṣùgbọ́n méjì tó kù, èènì lásán ni. Bí mo bá ní àṣìṣe akọ̀wé ni, pé méjìdínlógún ni mí lọ́jọ́ náà, kì í ṣe ogún, kò sí òfin tí mo rú. Méjìdínlógún bófin mu. Kí wọ́n sáà dá ọdún méjì padà fún mi. Ọdún méjì ni dókítà dá.

Mo tẹ ìwé ẹ̀bẹ̀ náà fúnra mi, mo gbé e lọ fún Kápútéènì Ajlan, ọ̀gá tẹ́ṣàn wa. Ọmọ tí mo lè bí ni. Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kọ ìròyìn àkọ́kọ́ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ẹ̀kọ́ dé, kò sì gbàgbé. Bàbá Gohar ló máa ń pè mí, orúkọ ọmọbìnrin wa tó wà nílé ọkọ. Ó ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, ó béèrè bóyá òótọ́ ni. Mo ní àṣìṣe akọ̀wé ni. Kò tún bi mí ní nǹkan mìíràn, ó kọ ọ̀rọ̀ rere sábẹ́ rẹ̀, ó fọwọ́ sí i, ìwé sì gòkè.

Mahgul kì í retí nǹkan. Ó ti bá ara rẹ̀ sọ ọ́ tán pé nígbà tí mo bá fẹ̀yìn tì, òun náà ti fẹ̀yìn tì nìyẹn, kì í sì í sọkún lórí rẹ̀. Èmi ni mo sáré délé bí ọmọdé tó he owó, mo sọ fún un pé Kápútéènì ti fọwọ́ sí i.  Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó ní kí n bá òun kun ilé ìdáná, pé ọdún méjì ti pọ̀ jù láti fi máa wo ògiri tí èéfín ti jẹ. Ọ̀dà aláwọ̀ ewé ló fẹ́. Mo kùn ún. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn títí dòní, ju ìbúra tí mo wá ṣe lẹ́yìn náà lọ, ju gbogbo rẹ̀ lọ: pé èmi ni mo gbé ìrètí wọlé tọ ẹni tó ti fọkàn balẹ̀ láìsí i.

Mo ti rò pé wọ́n máa ní kí n mú ẹ̀rí wá, mo sì ti mọ irú ẹ̀rí tí mo máa mú wá: ìbúra àgbà méjì láti Sorkap, méjìdínlógún, ó tán. Àmọ́ ministírì kì í gba ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹni tó ń tọrọ. Wọ́n kọ̀wé sí ilé aṣojú ìjọba wọn ní Karachi, ilé aṣojú rán èèyàn kan dìde lọ sí Sorkap, ẹni yẹn sì lọ tààrà sí mọ́ṣáláṣí. Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ kan, fóònù mi dún. Sabzal ni, ọmọ àbúrò bàbá mi, òun ni ìmáàmù wọn báyìí.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi dúpẹ́. Mo ti bá yín yanjú ẹ̀."

Mo ní kí ló yanjú.

"Èèyàn ìjọba wá. Mo gbé Àlùkùránì bàbá àgbà jáde fún un. Ọjọ́ tí wọ́n bí yín wà lẹ́yìn èèpo rẹ̀ gbọnrangandan, ó ya fọ́tò ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ọdún méjì kọ́ ni wọ́n jẹ yín o. Mẹ́rin ni! Wọ́n máa dá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà fún yín."

 Mo bi í pé ta ló ní kó gbé e jáde.

Ó ní, "Ṣé èèyàn ń fi òótọ́ pamọ́ ni? Bó bá ṣe kéré sí i náà ló máa ṣe dára sí i fún yín."

Mi ò lè bú u. Ó fẹ́ràn mi, ó ti fi ọ̀rọ̀ mi sádùúrà títí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní kó kí ilé. Lẹ́yìn náà ni mo jókòó sórí ìjókòó tí àwọn olùfisùn máa ń jókòó sí, mi ò rántí ibi tí tábìlì tèmi wà mọ́.

Nítorí ẹni ọdún méjìdínlógún tí wọ́n kọ ogún fún, àṣìṣe ni. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlógún tó jẹ́ kí wọ́n kọ ogún, tó tún fi ọwọ́ lé Ìwé búra sí i níwájú ọ̀gá nígbà tó dé erékùṣù, ìyẹn jẹ̀bi ìbúra èké. Mo mọ orí òfin náà. Mo ti tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ orúkọ àwọn ẹlòmíràn rí.

Àpò ìwé máa ń ti agbègbè dé lọ́jọ́ Àìkú, èmi ni mo sì máa ń tú u. Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo tú u, mo bá fáìlì kan tí wọ́n dà padà sí tẹ́ṣàn wa kí a gba sítétímẹ́ǹtì, nítorí òfin ni pé tẹ́ṣàn tí ìwé ti gbéra ni ìwádìí ti ń bẹ̀rẹ̀. Afurasí: Sájẹ́ǹtì Shahdost ọmọ Murad. Mo ṣí ìwé ńlá, mo fi ọwọ́ ara mi kọ orúkọ ara mi sí i, mo fún un ní nọ́ńbà, mo gbé e wọlé fún Kápútéènì Ajlan, mo sì kí i bí ọlọ́pàá ṣe ń kí ọ̀gá.

Ó kà á. Ó ní kí n ti ilẹ̀kùn, kí n jókòó.

"Bàbá Gohar, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Ọ̀gá, ọdún méjì ni mo tọrọ."

Ó nu ojú rẹ̀. Ó ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń ṣàlàyé fún ọmọdé, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo kọ́ ọ. Bí mo bá ní èmi ni ọmọ inú Àlùkùránì, a jẹ́ pé iṣẹ́ tí wọ́n gbà mí sí ti di òfo láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì wọ́n á ti kó mi sínú bàlúù, láìsí fílísì kan, ìyẹn kọ́bọ̀ tiwọn, nínú owó ìfẹ̀yìntì. Bí mo bá ní èmi kọ́, nígbà tí kò sí orúkọ bàbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ọmọ náà, fáìlì á kú, màá sì lo oṣù mẹ́rin tó kù títí ọjọ́ kìíní oṣù kìíní. Mo béèrè ọ̀nà kẹta.

Ó ní, "Kò sí. Mo ti pe agbègbè. Mo ti pe ẹni tó ju agbègbè lọ, ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni. Òun náà ní kò sí."

Mo ṣe ìṣirò rẹ̀ níbẹ̀, níwájú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì, ìfọ̀ ẹ̀jẹ̀ mẹ́fà. Oṣù mẹ́rin, bí àádọ́ta. Ohun tó kù fún mi láti fi ṣọkọ fún Mahgul nìyẹn, mẹ́fà tàbí àádọ́ta, kò sí ọdún níbẹ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ rìn ní bárékè. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Pirjan gbé àwo ìrẹsì ńlá kan pẹ̀lú ẹja yíyan wá sílé mi, kò sì pè mí ní ẹ̀gbọ́n lọ́jọ́ náà. Ó jókòó, ó ń wo ilẹ̀. Ó ní àwa mọ́kànlélógójì, àwa mọ́kàndínlógún là ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Bí wọ́n bá ṣí fáìlì kan, wọ́n á ṣí gbogbo rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹnì kan nínú wa tí ọjọ́ orí rẹ̀ tọ̀nà. Òun ti pé mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Wọ́n á ti òun mọ́lé, arúgbó òun. Ó ní kí n ro ti ọmọ òun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ẹ̀kọ́ gíga.

Inú bí mi burúkú. Mo ní, "Ọdún méjì ṣì wà fún ọ lójú ìwé. Kí lo fẹ́ fi ṣe? Ìyàwó rẹ ń gbé ṣílíńdà gáàsì gun àtẹ̀gùn bí ẹní gbé ìrọ̀rí."

"Ṣé èmi ni mo kó àìsàn ran tìrẹ ni?"

"Jáde nílé mi, Pirjan."

Ó dìde. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà, mo sì rí i pé ó ń sunkún, àgbàlagbà tó ti bá mi jẹun nínú àwo kan fún ogójì ọdún. Mi ò pè é padà. Mi ò ní purọ́, mi ò tíì dárí jì í, bẹ́ẹ̀ kò ṣẹ̀ mí ní nǹkan kan. Ọdún tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò nílò ni mò ń bínú sí.

Mahgul ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì. Ó jáde wá, ó di ògiri mú, ó jókòó sí ibi tí Pirjan jókòó sí. Ó ní kí n bu ìrẹsì, pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí oúnjẹ bà jẹ́. Òun kò lè jẹ ẹja yẹn, iyọ̀ rẹ̀ ti pọ̀ jù fún un, ṣùgbọ́n ó ń yọ egungun rẹ̀ fún mi. Mo sọ ohun tí Kápútéènì wí fún un, mẹ́fà tàbí àádọ́ta.

Ó ní, "Sọ pé ìwọ kọ́."

Mo ní, "Kí n tún fọwọ́ lé Ìwé búra èké?"

"Ṣé àkọ́kọ́ ni?"

 Ó yọ egungun títí tí àwo fi mọ́. Ó ní ó dùn òun pé òun ní kí n kun ilé ìdáná, pé ẹni tó ń bọ̀ wá gba ilé lẹ́yìn wa lè má fẹ́ àwọ̀ ewé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun la gba sítétímẹ́ǹtì náà. Òfin ni pé afurasí kì í tẹ sítétímẹ́ǹtì ara rẹ̀, ni Kápútéènì bá jókòó sídìí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Ìka kan ló fi ń tẹ̀ ẹ́. Ìlà kìíní gba ogún ìṣẹ́jú, ó sì ṣi orúkọ bàbá mi kọ. Mi ò lè fara dà á. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ dìde," ó sì dìde. Mo jókòó síbi tí mo ti ń jókòó láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ó fọwọ́ mi lé Àlùkùránì, mo búra, mo gbé ọwọ́ kúrò lórí Ìwé, mo gbé e lé ẹ̀rọ. Ó dúró lẹ́yìn mi, ó ń ka ìbéèrè láti inú fọ́ọ̀mù. Fọ́ọ̀mù kì í bọ̀wọ̀ fún àgbà.

"Ọmọ tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sínú Ìwé yìí, ìwọ ni?"

"Èmi kọ́."

"Ta ni?"

"Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Orúkọ bàbá àgbà ni wọ́n sọ àwa méjèèjì."

"Níbo ló wà?"

"Ó ti kú."

Mo gbọ́ tó mí kanlẹ̀. Ó mọ̀. Kò sí ohun tí kò mọ̀. Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù ní kó béèrè síwájú sí i, èmi náà sì ń dúró pẹ̀lú ìka mi lórí ẹ̀rọ, mò ń retí ìbéèrè tó kàn, nítorí mo mọ̀ ọ́n.

"Ọmọ ọdún mélòó ló kú?"

"Mẹ́fà."

"Kí ló pa á?"

"Ibà."

"Níbo ni wọ́n sin ín sí?"

Èyí ni mi ò ti pèsè sílẹ̀. Mo ti ń bi àwọn èèyàn ní ìbéèrè yìí tipẹ́, mi ò rò ó pé ó máa kàn mí. Ilẹ̀ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè bàbá mi, ó ṣófo, èmi ni mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún mi. Ibẹ̀ ni mo sọ. Mo tẹ̀ ẹ́. Mo tẹ òpin ọ̀rọ̀, mo tẹ ọjọ́, mo fọwọ́ sí i, mo tẹ àtàǹpàkò. Ọmọ tí ìyá mi bí, èmi ni mo pa á, èmi ni mo sin ín, mo sì ní ẹ̀rí.

Nígbà tí mo délé, Mahgul bi mí bó ṣe lọ. Mo ní mo ti kú. Mo sọ fún un pé ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí, ibà ló pa mí. Ó wò mí títí, ó bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Ó ní, "Mo ti di opó kí n tó lọ́kọ." Lẹ́yìn náà ló wá sunkún. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, àti ìgbà tí kíndìnrín kú àti gbogbo rẹ̀, mi ò tíì rí i kó sunkún bẹ́ẹ̀. Mo dì í mú. Ìbínú tó wà nínú mi nígbà náà, bí wọ́n bá gbé tábìlì yẹn àti akọ̀wé yẹn àti bàbá mi síwájú mi, mi ò mọ ẹni tí ǹ bá kọ́kọ́ lù.

Ìwé náà gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀, ọjọ́ mẹ́sàn-án péré. Nínú ogójì ọdún, mi ò rí ìwé tó yára tó bẹ́ẹ̀ rí. Òǹtẹ̀ mẹ́ta ló wà lára rẹ̀: ẹ̀sùn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ẹ̀bẹ̀ kò bójú mu, ọjọ́ ìbí dúró bó ṣe wà.

A lo àádọ́ta ìfọ̀ náà, ó lé ọ̀kan. Nọ́ọ̀sì ará Filipini tó ń tọ́jú rẹ̀ di ìwé dókítà sínú ọ̀rá fún wa kí omi má baà bà á jẹ́. Ní oṣù kìíní, mo dá aṣọ padà, mo dá kọ́kọ́rọ́ padà. Kápútéènì Ajlan fúnra rẹ̀ ló wà wá dé pápá ọkọ̀ òfuurufú.

Ní Karachi, ìfọ̀ ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n rí fún wa. A gba yàrá kan sẹ́yìn ọsibítù. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kò tó, kò sẹ́ni tí kò mọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ojú rẹ̀ wú, nígbà tó yá kò lè dùbúlẹ̀ sùn mọ́, á jókòó kó fẹ̀yìn ti àyà mi. Oṣù karùn-ún ló kú, lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé, ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ó kàn wá nídìí ẹ̀rọ. Mo gbé e lọ sí Sorkap. Sabzal ló kírun sí i lára, kò lè wo ojú mi.

Wọ́n ní Pirjan ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ní erékùṣù, ó ń ṣọ́ géètì. Èmi, oṣù tó kọjá ni mo pé ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Ọdún mẹ́ta ló kù kí n tó pé ọgọ́ta.